Ẹni méjì rí ohun kan náà, ẹ̀rí wọn kò bára mu: bí ìrántí ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an

Ọkọ̀ méjì kọlu ara wọn ní oríta. Ẹni méjì tó dúró síbi kan náà rí i. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ọ̀kan ní ọkọ̀ funfun ló já iná pupa, èkejì búra pé iná kò tíì pọ́n. Ojú ẹsẹ̀ la ó ti ní ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Nínú ẹbí, bàbá kú, ọmọ mẹ́ta jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, olúkúlùkù sì rántí ohun tí bàbá sọ kẹ́yìn lọ́nà tirẹ̀. Wọ́n di ọ̀tá. Akẹ́kọ̀ọ́ kàwé mọ́jú, ó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ohun tó kà kò jáde. A ní olódo ni, tàbí kí a ní ayé ti gba iyè rẹ̀.

Ẹ̀sùn irọ́, ẹ̀sùn òdo, ẹ̀sùn ayé. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó tọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìrántí ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́, àwa ni a rò pé fídíò ni. Kì í ṣe fídíò, a sì ń fi èrò yẹn ṣe ara wa ní ibi púpọ̀.

Kí ni à ń pè ní ìrántí?

Ìrántí ni agbára tí ọpọlọ ní láti mú ohun tó ti kọjá wá sí òní kí a lè lò ó. Iṣẹ́ mẹ́ta ló so pọ̀ nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni gbígbà wọlé: kí ohun tí ojú rí tàbí tí etí gbọ́ wọ inú. Èkejì ni ìpamọ́: kí ó dúró níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni yíyọ jáde: kí a rí i mú nígbà tí a bá fẹ́ lò ó. Nígbà tí ẹnì kan bá ní "mo gbàgbé", ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ló kùnà, ohun tí a ó sì ṣe sí wọn kò jọra. Ohun tí kò wọlé rárá, kò sí bí a ṣe lè ronú tó tí yóò jáde. Ohun tó wọlé ṣùgbọ́n tí a kò rí yọ, àmì kékeré kan ti tó láti mú un wá.

Ẹ jẹ́ ká dán iṣẹ́ àkọ́kọ́ wò. Láì fọwọ́ kan àpò yín: lórí owó ₦100, ṣé apá ọ̀tún ni wọ́n ya Awólọ́wọ̀ sí ni, àbí apá òsì? Àwọn méjì wo ló wà lórí ₦1000? Aliyu Mai-Bornu àti Clement Isong ni, àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì àkọ́kọ́ tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ná owó náà fún ọdún gbọọrọ láì mọ̀ wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, ní 1979, Raymond Nickerson àti Marilyn Adams ṣe irú ìdánwò yìí pẹ̀lú owó ẹyọ tó kéré jù lọ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n pè kò sì lè ya ohun tó wà lára rẹ̀ síbi tó yẹ. Ojú rí i lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ owó àti iye rẹ̀ nìkan ni a nílò láti ná an, nítorí náà ìyẹn nìkan la gbà wọlé.

Àkíyèsí ló ń pinnu ohun tó máa wọlé. Ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀ níbi tó ti ń dáhùn fóònù, tó wá ń wá a kiri, kò gbàgbé ibi tó gbé e sí. Kò fìgbà kan mọ̀ ọ́n.

Èló ni orí lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà?

Báńkì fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù yín kí ẹ tó lè fowó ránṣẹ́. Ẹ wò ó, ẹ padà síbi tí ẹ ti ń ṣe é, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, ẹ kò lè pè é mọ́. Ibi tí nọ́ńbà náà wà fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan yẹn là ń pè ní ìrántí kúkúrú. Ohun tó ń gbà kò pọ̀, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀.

Ní 1956, George Miller, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé nǹkan bíi méje ni ènìyàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè fi méjì lé, ó lè fi méjì dín. Ní 2001, Nelson Cowan tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò: bí a kò bá jẹ́ kí ẹni náà kó nǹkan pọ̀ sójú kan, tí a kò sì jẹ́ kó máa pè é lábẹ́nu, mẹ́rin ló sún mọ́ òótọ́. Ti bó ṣe ń pẹ́ tó ńkọ́? Lloyd Peterson àti Margaret Peterson dán ìyẹn wò ní 1959. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní lẹ́tà mẹ́ta péré, wọ́n sì ní kí wọ́n máa yọ mẹ́ta-mẹ́ta kúrò nínú nọ́ńbà ńlá kan kí wọ́n má baà ráyè tún lẹ́tà náà pè. Kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá 20, lẹ́tà mẹ́ta yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán lórí wọn.

Báwo la ṣe wá ń há nọ́ńbà fóònù tó jẹ́ 11 sórí? A kì í gbé e ní 11 ni. Ọmọ Nàìjíríà tó gbọ́ 0803 kò gbọ́ nǹkan mẹ́rin, nǹkan kan ló gbọ́, torí etí rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Tí a bá pín ìyókù sí mẹ́ta àti mẹ́rin, ohun mẹ́ta péré ló wà níwájú rẹ̀. NIN náà jẹ́ 11, ṣùgbọ́n kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí a ti mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi nira láti há. Bí ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ohun tí ẹ lè kó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣe máa pọ̀ tó. Òun ló mú kí ọ̀gá mẹkáníìkì gbọ́ àlàyé gígùn lórí ẹ́ńjìnnì kó sì dì í mú, nígbà tí ọmọ iṣẹ́ tó wọlé lánàá ti sọnù ní gbólóhùn kejì. Kì í ṣe pé orí ọ̀gá le ju ti ọmọ iṣẹ́ lọ.

Tí ohun mìíràn bá ti wọlé dé, ohun tó wà níbẹ̀ yóò kúrò. Ẹni tó dìde lọ sí yàrá, tó débẹ̀ tó dúró, tí kò mọ ohun tó wá mú, èrò mìíràn ló gba ipò ti àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà. Kó padà síbi tó ti dìde, ohun tó wà níbẹ̀ yóò sábà rán an létí. Ohun tó yẹ ká fọwọ́ pàtàkì mú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó ka ìlànà oògùn mẹ́ta fún ìyá ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ọmọ sì ń ké lọ́wọ́ ìyá, kó má rò pé gbogbo rẹ̀ wọlé. Kó sọ ti ọ̀kan, kó ní kí ìyá náà sọ ọ́ padà fún òun, kó tó bọ́ sí èkejì, kó sì kọ ọ́ sára páálí oògùn kọ̀ọ̀kan.

Níbo ni ohun tó pẹ́ máa ń wà?

Ẹni tí ayé ti ara rẹ̀ kọ́gbọ́n jù lọ lórí èyí ni Henry Molaison, ará Connecticut ní Amẹ́ríkà. Wárápá da ayé rẹ̀ rú. Ní 1953, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 27, oníṣẹ́ abẹ kan, William Scoville, gé lára inú ọpọlọ rẹ̀ kúrò lọ́tùn-ún lósì. Apá tó pọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní hippocampus bá a lọ. Ó wà ní ìhà inú ọpọlọ, lọ́gangan etí. Wárápá náà rọlẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí ó fi kú ní 2008, kò sí ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun tó lè dúró nínú rẹ̀. Brenda Milner wá láti Montreal ó sì ṣàyẹ̀wò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní gbogbo ìgbà tí obìnrin náà bá wọlé, àlejò ni lójú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí rántí ìgbà èwe rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ já gaara, òye rẹ̀ kò dín kù. Ó lè di nọ́ńbà mélòó kan mú níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Milner tún ṣe ohun kan. Ó ní kó máa fi pẹ́ńsùlù tọ ipa àwòrán ìràwọ̀ nígbà tó jẹ́ pé inú dígí nìkan ló ti ń rí ọwọ́ ara rẹ̀, iṣẹ́ tó máa ń dojú rú fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ Molaison ti mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ kò rántí pé òun ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé ìrántí kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ìrántí kúkúrú wà lọ́tọ̀. Ìrántí ìṣẹ̀lẹ̀ wà lọ́tọ̀: ọjọ́ tí ẹ sọ ọmọ yín lórúkọ, ẹni tó jókòó tì yín, aṣọ tí ìyá ìyàwó wọ̀. Ìrántí ìmọ̀ wà lọ́tọ̀: ẹ mọ̀ pé Òṣogbo ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ọjọ́ tí ẹ kọ́ ọ. Endel Tulving ló ya méjì yìí sọ́tọ̀ ní 1972. Ìrántí ọwọ́ tún wà lọ́tọ̀: irun dídì, kẹ̀kẹ́ gígùn, iyán gígún. Hippocampus ló ń so ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun pọ̀ kí ó lè dúró. Nígbà tó bá pẹ́, ìrántí náà yóò túbọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ níta ibẹ̀, káàkiri ojú ọpọlọ, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pàdé sẹ́ẹ̀lì. Ìpàdé wọn ló ń le sí i nígbà tí a bá ń lò ó, ìyẹn sì ni ìpamọ́.

Nítorí náà, bí ìyá àgbà kò bá mọ ohun tó jẹ láàárọ̀ ṣùgbọ́n tó ń ki oríkì ìdílé láì kọsẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń dirun bí ti tẹ́lẹ̀, kò díbọ́n. Apá tó kù ló ń lò.

Kí ló ń fa ìgbàgbé?

Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò. Ó to àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ jọ, ó há wọn sórí, ó fi wọ́n sílẹ̀, ó tún wọn há, ó sì wo iye àkókò tí ìgbà kejì fi dín kù sí ti àkọ́kọ́. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1885. Tó bá fi wọ́n sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ó ń jèrè ìdá 58 nínú 100 àkókò àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó di 44. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, 34. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, 25. Lẹ́yìn ọjọ́ 31, 21. Wákàtí àkọ́kọ́ ló kó èyí tó pọ̀ jù lọ, lẹ́yìn náà ló wá ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan ti sọ èyí di òfin pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ènìyàn ti gbàgbé ohun gbogbo tó kọ́ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò nítumọ̀ ni Ebbinghaus lò. Ìtàn, òwe, tàbí ohun tó bá ìmọ̀ tí ẹ ti ní tan máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ohun mìíràn tún ń fa ìgbàgbé. Ohun méjì tó jọra máa ń dí ara wọn lọ́wọ́: ẹ yí PIN káàdì yín padà, ọwọ́ yín ṣì ń lọ sí ti àtijọ́ níwájú ATM. Àmì tó yẹ kó mú nǹkan jáde lè má sí nítòsí. Ní 1975, Duncan Godden àti Alan Baddeley kó àwọn òmùwẹ̀ abẹ́ omi lọ sí Oban ní Scotland, àwọn òmùwẹ̀ náà há ọ̀rọ̀ sórí nínú omi àti lórí ilẹ̀. Ohun tí wọ́n há nínú omi, inú omi ni wọ́n ti rántí rẹ̀ dáadáa jù, ti orí ilẹ̀ náà sì rí bákan náà. Nígbà tí orúkọ ẹnì kan bá wà lẹ́nu yín tí kò jáde, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ ronú ibi tí ẹ ti mọ ẹni náà, ẹni tó mú un wá, ẹ sì máa fi ẹnu tọ álífábẹ́ẹ̀tì láti A. Ìró àkọ́kọ́ sábà máa ń fà á wá.

Ti ọtí yàtọ̀. Ẹni tó mu àmuyó kíákíá lè máa rìn, kó máa sọ̀rọ̀, kó bá ènìyàn jà, kí ó má sì rántí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọtí ti dí hippocampus lọ́wọ́, ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò wọlé. Kò sí ìbéèrè tí ẹ lè bi í tó máa mú un jáde, torí kò sí níbẹ̀.

Ṣé ohun tó dá mi lójú lè jẹ́ àṣìrántí?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni èrò fídíò ti ń ṣèpalára jù, nítorí náà a ó dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ẹni tó ń rántí kì í lọ gbé ọbẹ̀ àná láti inú fíríjì wá gbóná. Ńṣe ló ń se ọbẹ̀ tuntun pẹ̀lú èròjà tó bá bá nílẹ̀: ata láti inú ohun tó rí lọ́jọ́ náà, epo láti inú ohun tó ti mọ̀ nípa irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, iyọ̀ láti inú ohun tí àwọn ènìyàn sọ fún un lẹ́yìn náà. Ó sì ń dùn lẹ́nu rẹ̀ bíi ti àná gẹ́lẹ́. Tó bá di ìgbà mìíràn, èyí tó sè lónìí yìí náà yóò wà lára ohun tó máa fi sè é.

Ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù ìjàm̀bá ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Fásitì Washington. Wọ́n bi wọ́n pé báwo ni eré àwọn ọkọ̀ náà ṣe pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pààrọ̀ nínú ìbéèrè náà. Àwọn tí wọ́n bi pé "nígbà tí ọkọ̀ méjèèjì rún ara wọn" fojú bù ú sí bíi máìlì 41 ní wákàtí kan. Àwọn tí wọ́n bi pé "nígbà tí wọ́n fara kan ara wọn" ní bíi 32. Fíìmù kan náà ni gbogbo wọn wò. Wọ́n tún mú akẹ́kọ̀ọ́ 150 mìíràn, wọ́n sì padà bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pé ṣé wọ́n rí gíláàsì tó fọ́ sílẹ̀. Gíláàsì kankan kò fọ́ nínú fíìmù náà. Nínú 50 tó gbọ́ "rún ara wọn", 16 ní àwọn rí i. Nínú 50 tó gbọ́ "kọlu ara wọn", méje. Nínú 50 tí wọn kò béèrè eré ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn rárá, mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ ẹnu olùbéèrè ti di ohun tí ojú rí.

Ohun ńlá tó bani lẹ́rù ńkọ́, èyí tí a máa ń sọ pé a kò lè gbàgbé láéláé? Ní January 28, 1986, Challenger, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń gbé ènìyàn lọ sí gbangba òfúrufú, bú gbàmù lójú ayé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ulric Neisser ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Emory ní Atlanta kọ ibi tí wọ́n wà àti ẹni tó sọ fún wọn sílẹ̀. Ó ju ọdún méjì ààbọ̀ lọ kí òun àti Nicole Harsch tó tún bi 44 nínú wọn. Mọ́kànlá kò gba ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn kókó rẹ̀. Mẹ́ta péré ló gbà á tán. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣì í dájú hán-ún hán-ún, àní nígbà tí wọ́n fi ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ hàn wọ́n, ti àtijọ́ kò padà wá sọ́kàn wọn.

Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe nílé ẹjọ́. Ní 1984, ní Burlington, North Carolina, wọ́n fipá bá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan lò pọ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ wo ojú ọ̀daràn náà kó lè dá a mọ̀. Ó mú fọ́tò Ronald Cotton, ó sì tún mú un nígbà tí wọ́n to àwọn ọkùnrin síwájú rẹ̀. Ọlọ́pàá wá sọ fún un pé ẹni kan náà ló mú lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ìgbà tó fi máa dé kóòtù, kò sí iyèméjì kankan nínú rẹ̀ mọ́. Cotton lo ọdún mẹ́wàá lẹ́wọ̀n kí àyẹ̀wò DNA tó fi hàn ní 1995 pé ẹlòmíràn ló ṣe é. Obìnrin náà kò purọ́. Ojú tó rí nínú fọ́tò ti rọ́pò ojú tó rí lóru ọjọ́ náà.

Kí wá ni kí ẹni tó ń gba ẹ̀rí ṣe?

Ìbáà ṣe ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò, ọ̀gá ilé ìwé tàbí àgbà ẹbí, ohun àkọ́kọ́ ni pé kó ya àwọn ẹlẹ́rìí sọ́tọ̀ kí wọ́n tó bá ara wọn sọ ọ́. Ẹlẹ́rìí méjì tó ti jókòó sọ̀rọ̀ pọ̀ kì í ṣe méjì mọ́. Kí olúkúlùkù sọ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ìbéèrè ni "Kí ló ṣẹlẹ̀?", kì í ṣe "Ṣé ọkọ̀ funfun yẹn ló já iná?" Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó béèrè èyí tó kù. Bó bá ní òun kò mọ̀, ẹ fi "kò mọ̀" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá ń tẹ̀ pé kó gbìyànjú rántí yóò wá nǹkan sọ. Níbi tí a ti ń dá ọ̀daràn mọ̀, kí ẹni tí kò mọ afurasí ló fi fọ́tò hàn, kí ó sọ fún ẹlẹ́rìí pé ó ṣeé ṣe kí ẹni náà má sí níbẹ̀, kí ó má sì yìn ín lẹ́yìn tó bá mú ẹnì kan. Bó ṣe dá a lójú tó ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn wúlò, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Bó ṣe dá a lójú ní kóòtù lẹ́yìn ọdún méjì kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Ti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ogún, ìrántí ọmọ kankan kò tó. Ọ̀rọ̀ bàbá, kí bàbá fọwọ́ sí i nínú ìwé nígbà tó wà láàyè, níwájú ẹlẹ́rìí.

Báwo la ṣe ń há nǹkan sórí tí kò fi ní sá?

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe jù ni kíkà lákàtúnkà. Ó ń tàn wá jẹ, torí bí ojú bá ti mọ ojú ìwé, a rò pé a ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka àyọkà kan. Àwọn kan tún un kà, àwọn kan pa ìwé dé wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló borí, 81 sí 75 nínú 100. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ti gba iwájú lọ́wọ́ wọn, 56 sí 42. Yíyọ jáde ló ń mú kí ìrántí le. Ó máa ń nira, ó máa ń ṣe ènìyàn bíi pé kò mọ nǹkan kan, ìnira yẹn gan-an sì ni iṣẹ́ náà.

Àwọn baba wa ti ń lò ó tipẹ́. Odù Ifá 256 ló ní ẹsẹ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ awo kò jókòó ti ìwé, ẹnu ọ̀gá ló ti ń gbà á, ó ń sọ ọ́ padà láì wo ohunkóhun, ọdún sì ń gorí ọdún lórí rẹ̀. Àmì odù tó hàn lójú ọpọ́n ló ń fa ẹsẹ tó bá a mu jáde, ẹsẹ náà sì ní ètò tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí: orúkọ awo tó dífá, ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tó mú un wá, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u, àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Apá kan ń fa èkejì. Bí ó bá ṣì í láàárín awo, wọn yóò tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ilé kéú náà ní tirẹ̀: ọmọ kò gbọdọ̀ fọ wàláà rẹ̀ kó tó ka ohun tó wà lára rẹ̀ fún àlùfáà láì wò ó.

Fún ẹni tó ń múra WAEC tàbí JAMB, ọ̀nà rẹ̀ rèé. Ẹ ka orí kan lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú òye, ẹ pa ìwé dé, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ rántí sórí bébà òfìfo, ẹ wá ṣí ìwé, kí ẹ sì fi bíírò pupa kún ohun tó sá. Pupa yẹn nìkan ni ẹ ó ṣiṣẹ́ lé. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Wákàtí mẹ́rin tí ẹ bá pín sí ọjọ́ mẹ́rin dára ju wákàtí mẹ́rin lóru kan lọ. Ẹ má ṣe iṣẹ́ ìṣirò irú kan náà ní ogún léra, ẹ pa irú mẹ́ta pọ̀, torí ìdánwò kì í sọ irú èyí tó jẹ́ fún yín.

Kí ẹ sì sùn. Lójú oorun ni ọpọlọ ti ń fìdí ohun tí ẹ kọ́ lọ́sàn-án múlẹ̀. Ẹni tó kàwé mọ́jú ti gé iṣẹ́ náà sí méjì, àárẹ̀ yóò sì tún bá a wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ìgbà wo ni ìgbàgbé di àìsàn?

Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, orúkọ ènìyàn á máa pẹ́ kó tó jáde, a ó sì máa wá awò ojú kiri. Ìyẹn kì í ṣe àrùn. Àmì tó yẹ kó mú wa ronú ni kí ènìyàn máa béèrè ohun kan náà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kó ṣìnà ládùúgbò tó ti ń gbé tipẹ́, kí ọbẹ̀ tó ti ń sè láti kékeré dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́, kó má mọ iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Tí irú èyí bá dé lójijì, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀: ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀, àìsàn tó wọ ara, tàbí ṣúgà tó lọ sílẹ̀. Tó bá ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, dókítà ṣì ní láti wò ó, torí àìtó fítámì B12, àìsàn tírọ́ìdì, ìbànújẹ́ tó wọra, ọtí, àti àwọn oògùn oorun kan lè mú kí iyè dàrú, wọ́n sì ní ìtọ́jú.

Dìmẹ́ńṣíà, tí a mọ̀ sí iyè rírà, wà láàárín wa. Láti 1992, àwọn oníṣègùn Fásitì Ìbàdàn àti ti Indiana tọpinpin àwọn àgbàlagbà ẹni ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Àbájáde tó jáde ní 2001 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún àgbàlagbà, bíi 13 sí 14 ni àrùn náà ń mú lọ́dún kan ní Ìbàdàn, bíi 32 sì ni ní Indianapolis. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà, a sì ń fi orúkọ mìíràn pè é. Ìyá arúgbó tó ń rìn lóru, tó ń pe òkú lórúkọ, tó ń gbà pé lóòótọ́ lòun pa ọmọ lágbájá nígbà tí àwọn ènìyàn yí i ká tí wọ́n ń bi í léraléra: àjẹ́ ni wọ́n ní ó ń kà. Ọpọlọ tí àrùn ti jẹ ló ń fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i létí dí ihò tó wà nínú ìrántí rẹ̀. Àwọn ìyá kan ti jìyà nítorí irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì dun ni dé egungun, torí àìsàn ni.

Ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ, ní ilé ìwòsàn ìjọba tó tóbi tàbí ilé ìwòsàn bíi Àrò ní Abẹ́òkúta. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, àti àgbo. Kí ẹni tó ń bá a gbé bá a lọ, kó ti kọ ìgbà tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àpẹẹrẹ bíi mẹ́ta, nítorí tí dókítà bá bi aláìsàn náà fúnra rẹ̀, ó lè dáhùn tọkàntọkàn pé kò sí ohun tó ń ṣe òun.